Bí a ṣe ń yẹ àyípadà kóòdù TCP wò nínú kernel Linux

Àyípadà tó ń bà mí lẹ́rù jù nínú kóòdù TCP, ìyẹn apá kernel Linux (ọkàn ètò ẹ̀rọ) tó ń rí i pé dátà dé ní pípé láàárín ẹ̀rọ méjì, ni èyí tó kéré. Bí ẹnì kan bá kó ẹgbẹ̀rún ìlà wá, gbogbo wa la máa jókòó tì í, a ó fara balẹ̀ kà á. Ṣùgbọ́n ìlà mẹ́jọ tó mọ́ tónítóní, tí àlàyé rẹ̀ sì dán, ojú máa ń sáré kọjá lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kóòdù yìí kan náà ló wà nínú fóònù Android, nínú sáfà ńláńlá, àti nínú ẹ̀rọ kékeré tó ń pín íntánẹ́ẹ̀tì nínú ilé. Àṣìṣe tó bá wọlé níbẹ̀ máa dé ibi gbogbo.

Nítorí náà, mo kọ àyípadà kékeré kan fún ìtọ́sọ́nà yìí, kí a lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí nínú kernel tòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí àṣìṣe kan nínú rẹ̀ tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹni tó kọ ọ́ sọ pé: "Pákẹ́ẹ̀tì tó ti bọ́ sóde fèrèsé kò wúlò fún wa mọ́. Kí ló dé tí a fi ń ti àgádágodo sọ́kẹ́ẹ̀tì nítorí rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká tètè jù ú nù nínú `tcp_v4_rcv`, kí CPU sinmi."

```
if (sk->sk_state == TCP_ESTABLISHED) {
	const struct tcp_sock *tp = tcp_sk(sk);
	u32 seq = ntohl(th->seq);
	u32 end = seq + skb->len - th->doff * 4;

	if (end < tp->rcv_nxt || seq > tp->rcv_nxt + tp->rcv_wnd)
		goto discard_it;
}
```

Fún ẹni tí kò tíì bá kóòdù yìí pàdé: pákẹ́ẹ̀tì ni ègé dátà tó ń rìn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ibi tí kernel ti ń tọ́jú ìsopọ̀ kan, àgádágodo ni kì í sì í jẹ́ kí CPU méjì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà. Gbogbo báìtì tí TCP ń gbé ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. `rcv_nxt` ni nọ́ńbà báìtì tí a ń retí báyìí. Fèrèsé ni iye báìtì tí a ti sọ fún ẹ̀rọ kejì pé àyè ṣì wà fún; `rcv_wnd` ló di iye náà mú. Ohun tí àyípadà yìí ń sọ kò ju pé: bí pákẹ́ẹ̀tì bá ti pẹ́ jù, tàbí tó ti sáré jù, ẹ dà á nù.

Ó dún bí ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka àlàyé rẹ̀ kí ẹ tó ṣí kóòdù

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń wá nínú àlàyé. Èkíní, ìṣòro wo ni àyípadà yìí fẹ́ yanjú, ta ló sì rí i? Ìkejì, ṣé àtúnṣe ni àbí ohun tuntun? Àtúnṣe àṣìṣe máa ń lọ sí igi `net` (igi ni ẹ̀dà kóòdù kernel kan), ohun tuntun sì máa ń lọ sí `net-next`. Bó bá jẹ́ àtúnṣe, ó gbọ́dọ̀ ní ìlà `Fixes:` tó tọ́ka sí commit (àyípadà tó ti wọlé tẹ́lẹ̀) tó dá àṣìṣe náà sílẹ̀, pẹ̀lú ó kéré tán lẹ́tà 12 àkọ́kọ́ nínú àmì rẹ̀. Láìsí ìlà yìí, àwọn tó ń tọ́jú kernel àtijọ́ kò ní mọ ibi tó yẹ kí àtúnṣe náà dé. Ìkẹta, ẹ̀rí dà?

Lẹ́yìn èyí, ẹ kọ gbólóhùn kan ṣoṣo sílẹ̀ fúnra yín: "Lẹ́yìn àyípadà yìí, bí pákẹ́ẹ̀tì báyìí báyìí bá dé, kernel máa ṣe èyí dípò ìyẹn." Bí ẹ kò bá lè kọ ọ́, ẹ má tíì ṣí diff (ìwé tó ń fi ìlà tí a fi kún àti èyí tí a yọ hàn), ẹ bi ẹni tó kọ ọ́ léèrè. Fún àpẹẹrẹ wa, gbólóhùn náà nìyí: "Bí pákẹ́ẹ̀tì tó wà lóde fèrèsé bá dé, kernel máa dà á nù *láìsọ nǹkan kan*, dípò..." Dípò kí ni? Ìbéèrè yẹn ló máa gbé wa lọ sí ìgbésẹ̀ kejì.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ jáde kúrò nínú diff

Diff máa ń fi ìlà mẹ́ta hàn lókè àti mẹ́ta nísàlẹ̀. Kò tó. Ẹ gbé àyípadà náà sórí igi yín, kí ẹ ṣí `net/ipv4/tcp_ipv4.c`, kí ẹ sì ka `tcp_v4_rcv` láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn. Ẹ wá tẹ̀lé pákẹ́ẹ̀tì náà bó ṣe ń rìn: láti `ip_rcv` dé `tcp_v4_rcv`, níbi tí a ti ń wá sọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, tí a ti ń ti àgádágodo, láti ibẹ̀ dé `tcp_v4_do_rcv`, `tcp_rcv_established`, títí dé `tcp_validate_incoming`.

Ibi ìkẹyìn yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tí àyípadà wa fẹ́ ṣe, ẹnì kan ti ń ṣe é níbẹ̀ tipẹ́: fáǹkṣọ̀n tó ń jẹ́ `tcp_sequence`. Bí ẹ bá gbé méjèèjì síra, ìyàtọ̀ mẹ́ta máa hàn. Ti kernel ń lo `before()` àti `after()`, tiwa ń lo `<` àti `>`. Ti kernel ń fi `rcv_wup`, ìyẹn ibi tí a dé nígbà tí a kéde fèrèsé kẹ́yìn, ṣe etí òsì, tiwa ń lo `rcv_nxt`. Ti kernel kì í kàn da pákẹ́ẹ̀tì nù, ó máa ń fi ACK, ìyẹn ìdáhùn tó ń sọ ibi tí a gba dátà dé, ránṣẹ́ padà. Mo ti kọ́ pé bí kóòdù tuntun bá ń ṣe iṣẹ́ kóòdù àtijọ́, gbogbo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ló ní láti ní ìdí tí ẹni tó kọ ọ́ lè sọ.

`git log -L` wúlò gan-an níbí, torí ó máa ń fi ìtàn fáǹkṣọ̀n kan ṣoṣo hàn. Ẹ lò ó lórí `tcp_sequence` àti lórí ibi tí àyípadà bọ́ sí. Ìlà tó dà bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan lónìí, ó lè jẹ́ pé ẹnì kan fi òru mẹ́ta wá ìdí rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Kí a tó kúrò níbí: `tcp_v4_rcv` ní ìbejì, `tcp_v6_rcv`, nínú `net/ipv6/tcp_ipv6.c`. Àyípadà wa kò fọwọ́ kàn án. Bí àyípadà yìí bá tọ́, IPv6 ti pàdánù. Bí kò bá tọ́, IPv4 nìkan ló máa bàjẹ́, ẹni tó ń wá àṣìṣe náà á sì máa ṣe kàyéfì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ọwọ́ ṣe ìṣirò nọ́ńbà

Bíìtì 32 ni nọ́ńbà TCP. Bó bá dé 4,294,967,295, òdo ló kàn. Lórí ìlà tó ń gbé 10 gígábíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ó máa yí po ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 3.4. Kì í ṣe ohun tí a lè pè ní "kò lè ṣẹlẹ̀".

Ẹ mú bírò. Ká ní `rcv_nxt` jẹ́ 4,294,967,000, tí fèrèsé sì jẹ́ 65,535. Bí a bá ro wọ́n pọ̀ nínú bíìtì 32, èsì á jẹ́ 65,239, torí ó ti yí po. Pákẹ́ẹ̀tì tí a ń retí gan-an wá dé, nọ́ńbà rẹ̀ sì jẹ́ 4,294,967,000. Ṣé ó ju 65,239 lọ? Bẹ́ẹ̀ ni. Nítorí náà a dà á nù. Ẹ̀rọ kejì tún un fi ránṣẹ́, a tún dà á nù, bẹ́ẹ̀ la ó máa ṣe títí ìsopọ̀ á fi kú.

Ṣé ìdánwò á rí i? Ó lè má rí i. Orí nọ́ńbà tí kò ṣeé sọ tẹ́lẹ̀ ni ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà, pẹ̀lú fèrèsé yìí, nǹkan bí ìsopọ̀ kúkúrú kan nínú 65,536 ló máa ṣubú sínú ihò yẹn. Ẹni tó bá sì fi iperf3 (irinṣẹ́ tó ń wọn bí ìlà ṣe yá tó) sáré fún ìṣẹ́jú àáyá 30 lórí ìlà 1 gígábíìtì, báìtì bílíọ̀nù 3.75 péré ló gbé kọjá. Ó lè má dé ibi tí nọ́ńbà ti ń yí po rárá. Ìdí nìyí tí kernel fi ní `before()` àti `after()`: wọ́n ń yọ nọ́ńbà kan kúrò nínú èkejì, wọ́n á wá wo èsì náà bíi nọ́ńbà tó lè wà lábẹ́ òdo. Bí ẹ bá rí `<` tàbí `>` láàárín nọ́ńbà TCP méjì, ẹ dá a dúró.

Ìbéèrè kejì lórí nọ́ńbà ni ti bí àpótí rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2019, èyí tí wọ́n pè ní SACK Panic, CVE-2019-11477 (CVE ni nọ́ńbà tí a fi ń dá àṣìṣe ààbò mọ̀). Bíìtì 16 ni ààyè `tcp_gso_segs`, kò lè gbà ju 65,535 lọ. Ẹyọ skb kan (àpótí tí kernel fi ń gbé pákẹ́ẹ̀tì) sì lè ní abala 17, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 32 KB. Ta ló rò pé ẹnì kan máa sọ pé báìtì 48 ni MSS òun, ìyẹn iye tó pọ̀ jù tó lè gbà nínú pákẹ́ẹ̀tì kan, tí àyè fún dátà á fi ku 8 péré? Oníṣẹ́ ibi lè sọ bẹ́ẹ̀. 17 lọ́nà 32,768, kí a pín in sí 8: 69,632. Àpótí náà kún, ó dà sílẹ̀, `BUG_ON` sì pa ẹ̀rọ náà. Kóòdù yìí ti wà láti kernel 2.6.29 ti ọdún 2009. Ọdún mẹ́wàá ni ojú fi ń kọjá lórí rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, ibikíbi tí mo bá ti rí `u16` nínú àyípadà, mo máa ń kọ iye tó pọ̀ jù tí ẹ̀rọ kejì lè fi wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ti ìtò báìtì rọrùn: ẹ fi `make C=1` pe sparse, ó máa sọ bí ẹnì kan bá da `__be32` pọ̀ mọ́ `u32`. `ntohl` inú àpẹẹrẹ wa tọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ta ló di àgádágodo mú?

Ẹ fún ìgbésẹ̀ yìí ní àkókò tó pọ̀ jù. Pákẹ́ẹ̀tì máa ń dé nínú softirq (iṣẹ́ tí kernel ń dá dúró ṣe bí dátà bá dé) lórí CPU kan, nígbà tí ètò tó ń ka dátà lè wà nínú `recvmsg` lórí CPU mìíràn, tó ti fi `lock_sock` gba sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kernel kì í dúró; ó máa ń to pákẹ́ẹ̀tì náà sí ìlà backlog, kí ẹni tó di sọ́kẹ́ẹ̀tì mú lè tọ́jú rẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Àyẹ̀wò wa wà ṣáájú gbogbo èyí. Ó ń ka `rcv_nxt` àti `rcv_wnd` láìti àgádágodo kankan.

Àwọn kan á ní: "Ẹ fi `READ_ONCE` sí i, ó ti parí." Kò tíì parí o. `READ_ONCE` ń rí i dájú pé kíkà *kan* kò pín sí méjì. Kò lè so kíkà *méjì* pọ̀.

Ẹ wò ó báyìí. `rcv_nxt` jẹ́ 1,000,000, fèrèsé jẹ́ 60,000. Ẹ̀rọ kejì sì lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ránṣẹ́ dé 1,060,000. CPU àkọ́kọ́ ka `rcv_nxt`, ó rí 1,000,000. Kó tó ka èkejì, CPU kejì tọ́jú báìtì 30,000. Ètò kò tíì ka nǹkan kan kúrò níbẹ̀, nítorí náà `rcv_nxt` di 1,030,000, fèrèsé sì di 30,000. Òpin kò yí padà, 1,060,000 náà ni. Ṣùgbọ́n CPU àkọ́kọ́ wá ka fèrèsé tuntun, 30,000, ó rò ó mọ́ nọ́ńbà àtijọ́ tó ti kà, ó sì rí 1,030,000. Pákẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1,045,000. Kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, ó sì di èyí tí a dà nù.

Ẹ̀rọ kejì kò mọ̀ pé kernel wa ló da pákẹ́ẹ̀tì náà nù. Ohun tó máa rò ni pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ wà lójú ọ̀nà. Bó bá ń lo CUBIC, tí Linux ń lò bí ẹnikẹ́ni kò bá yan òmíràn, ó máa dín iye tó ń fi ránṣẹ́ kù sí nǹkan bí 70%. Ẹni tó ń wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì á máa rí i pé ó ń falẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, kò sì ní rí ìdí.

Nítorí náà, fún gbogbo ààyè tí àyípadà bá kà tàbí tó kọ, ẹ kọ àgádágodo tó ń ṣọ́ ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kọ "kò sí", ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí iye rẹ̀ bá jẹ́ ti àná, kí ẹ tún béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí méjì nínú wọn kò bá jẹ́ ti ìgbà kan náà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ta ló máa dá a padà?

Ẹ ya ìwé sí ọ̀nà mẹ́rin: skb, sọ́kẹ́ẹ̀tì, àgádágodo, RCU (ọ̀nà tí kernel fi ń ka nǹkan láìti àgádágodo). Fún gbogbo ẹnu ọ̀nà tuntun tí àyípadà ṣí, ìyẹn gbogbo `return` àti `goto`, ẹ kọ ohun tí a ṣì dì mú níbẹ̀ àti ẹni tó máa jọ̀wọ́ rẹ̀.

Nínú àpẹẹrẹ wa, `__inet_lookup_skb` ti bá wa wá sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì ti fi ọ̀kan kún iye àwọn tó dì í mú. Ààyè `refcounted` ló ń sọ bóyá ó ṣe bẹ́ẹ̀. Àmì méjì ló wà ní ìsàlẹ̀ fáǹkṣọ̀n náà: `discard_it` ń da pákẹ́ẹ̀tì nù, ó tán. `discard_and_relse` ń ka pákẹ́ẹ̀tì náà mọ́ àwọn tí sọ́kẹ́ẹ̀tì dà nù, ó ń pe `sock_put`, lẹ́yìn náà ló máa fò lọ sí `discard_it`. Àyípadà wa yan ti àkọ́kọ́. Nítorí náà pákẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó bọ́ sóde fèrèsé ti tó kí sọ́kẹ́ẹ̀tì náà má kúrò nínú mẹ́mórì mọ́ títí ẹ̀rọ á fi tún bẹ̀rẹ̀.

Irú àṣìṣe yìí ti kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi rí. Ìlà tó ní àmì `+` nìkan ni mo kà, wọ́n sì tọ́. `Goto` ló gbé iṣẹ́ lọ sí ibi tí n kò ṣí. Ó dùn mí, torí ìṣẹ́jú méjì péré ló máa gbà mí láti yí ojú ìwé sísàlẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ya ìwé sí mẹ́rin.

Ohun kan tó yẹ ká yìn nínú àpẹẹrẹ wa ni pé ó wo `TCP_ESTABLISHED` kó tó pe `tcp_sk`. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nínú TIME_WAIT (ìsopọ̀ tó ti parí, tó ṣì ń dúró díẹ̀) kì í ṣe `tcp_sock`, ó kéré jù ú lọ, ẹni tó bá kà á bíi pé ó jẹ́ bẹ́ẹ̀ á máa ka mẹ́mórì ẹlòmíràn. Bákan náà ni `th`: `pskb_may_pull` lè gbé àkọlé pákẹ́ẹ̀tì lọ sí ibòmíràn, nítorí náà atọ́ka tí a mú ṣáájú rẹ̀ ti kú. Ibi tí àyẹ̀wò wa wà, a ti tún `th` mú, kò sí wàhálà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Kí ni TCP ti ṣèlérí fún ẹ̀rọ kejì?

Títí di ibí, kernel tiwa nìkan la ń wò. Ṣùgbọ́n TCP jẹ́ àdéhùn láàárín ẹ̀rọ méjì, kóòdù tí kò ní àṣìṣe mẹ́mórì kankan sì lè da àdéhùn. Ìwé tó ń sọ àdéhùn náà lónìí ni RFC 9293, tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, tó sì rọ́pò RFC 793 ti ọdún 1981. Ó sọ pé bí pákẹ́ẹ̀tì kò bá ṣeé gbà nítorí nọ́ńbà rẹ̀, a gbọ́dọ̀ fi ACK dáhùn, àfi bó bá jẹ́ RST, ìyẹn pákẹ́ẹ̀tì tó ń já ìsopọ̀. Àyípadà wa dákẹ́.

Kí ni ìdákẹ́ yìí lè fà? Ẹ wo keepalive. Bí ìsopọ̀ bá dákẹ́ pẹ́, Linux máa ń fi pákẹ́ẹ̀tì tí kò ní dátà ránṣẹ́, ó sì máa ń *mọ̀ọ́mọ̀* fún un ní nọ́ńbà tó fi ọ̀kan dín sí èyí tí ẹ̀rọ kejì ń retí. Ó fẹ́ kí ẹ̀rọ kejì rí i pé ó ti pẹ́ jù, kó sì fi ACK dáhùn pé "mo ṣì wà o". Nínú àyípadà wa, `end` kéré sí `rcv_nxt`, a dà á nù, a ò sọ nǹkan kan. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yí i padà, Linux máa ń dúró ìṣẹ́jú àáyá 7,200 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè, á béèrè nígbà 9, ìṣẹ́jú àáyá 75 láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro ó pọ̀: 7,875. Lẹ́yìn wákàtí 2, ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú àáyá 15, ìsopọ̀ tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá máa kú. Ìdánwò wo ló ń pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

Èyí tó tún burú ni ti ACK tó sọnù. Ẹ̀rọ kejì fi pákẹ́ẹ̀tì méjì ránṣẹ́, méjèèjì dé, ṣùgbọ́n ACK wa sọnù lọ́nà. Aago rẹ̀ pé, ó tún èyí àkọ́kọ́ fi ránṣẹ́. Òpin rẹ̀ kéré sí `rcv_nxt`, torí a ti gbà á tẹ́lẹ̀. A dà á nù, a ò dáhùn. Ó máa ń sọ àkókò ìdúró di ìlọ́po méjì, ó ń gbìyànjú, títí `tcp_retries2` tó jẹ́ 15 á fi pé. Ìwé kernel fúnra rẹ̀ sọ pé èyí kò lè dín sí ìṣẹ́jú àáyá 924.6. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí ẹni tó ń lo ètò náà máa fi jókòó, lórí dátà tó ti dé tipẹ́!

Ohun tó sì jẹ́ kí àṣìṣe yìí le rí ni TLP (Tail Loss Probe). Kí aago tó pé, TLP máa ń kọ́kọ́ tún pákẹ́ẹ̀tì tó *kẹ́yìn* fi ránṣẹ́. Òpin ti ìyẹn bá `rcv_nxt` dọ́gba, kò kéré sí i, nítorí náà ó kọjá, a dáhùn, gbogbo nǹkan sì padà bọ̀ sípò. Ìgbà tí ìdáhùn TLP pàápàá bá sọnù ni àṣìṣe máa yọjú. Lórí tábìlì ẹni tó kọ kóòdù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í burú tó bẹ́ẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé iye tí TCP ń fi ránṣẹ́ tàbí ìgbà tó ń fi ránṣẹ́ ni àyípadà fọwọ́ kàn, ẹ tún le koko sí i. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1986, ìlà tó so ilé iṣẹ́ ìwádìí Lawrence Berkeley mọ́ yunifásítì Berkeley, tí wọn kò jìnnà síra ju 400 yáàdì lọ, já wálẹ̀ láti 32,000 bíìtì ní ìṣẹ́jú àáyá sí 40. Àwọn ẹ̀rọ ló ń tún dátà fi ránṣẹ́ láìwo ojú ọ̀nà. Ohun tí Van Jacobson ṣe lẹ́yìn rẹ̀, tó tẹ̀ jáde ní 1988, la ṣì ń lò títí dòní. Ẹni tó bá sọ pé àyípadà òun mú ìsopọ̀ kan yá sí i, ẹ ní kó fi ìsopọ̀ mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ lórí ìlà kan náà, kí a rí i bóyá ara ẹnìkejì ló ti ń jẹ.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ ronú bí ọ̀tá

Ìbéèrè méjì ti tó níbí. Iṣẹ́ mélòó ni pákẹ́ẹ̀tì kan lè fà bí ẹni tó fi ránṣẹ́ bá fẹ́ ibi? SegmentSmack ti ọdún 2018, CVE-2018-5390, wáyé torí pé pákẹ́ẹ̀tì kékeré tó dé láìtò lè mú kí kernel máa to ìlà rẹ̀ ní àtúntò títí CPU á fi rẹ̀. Ìkejì: ṣé ohun kan wà tí ìsopọ̀ gbogbo jọ ń lò? Ní 2016, CVE-2016-5696 fi hàn pé òǹkà challenge ACK (ACK tí kernel fi ń dá pákẹ́ẹ̀tì tó fura sí lóhùn), 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, jẹ́ ẹyọ kan fún gbogbo ẹ̀rọ. Ẹni tí kò sí lójú ọ̀nà rárá lè ka iye tó ṣẹ́kù, kó fi mọ ohun tó ń lọ nínú ìsopọ̀ ẹlòmíràn. Òǹkà kan péré!

Ìgbésẹ̀ 8: Ṣé ó yá sí i lóòótọ́?

Lórí 10 gígábíìtì, pákẹ́ẹ̀tì tó tóbi dé ìwọ̀n Ethernet ń dé ní nǹkan bí microsecond 1.23 síra (microsecond kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá). Èyí tó kéré jù lè dé láàárín nanosecond 67.2. Kíkà mẹ́mórì tí kò sí nínú cache (mẹ́mórì kékeré tó yá, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU) lè gba èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò yẹn. Nítorí náà, `pahole` wúlò bí àyípadà bá fi ààyè tuntun sínú `tcp_sock`: ó máa fi hàn bóyá ó ti ohun tí a ń kà fún gbogbo pákẹ́ẹ̀tì lọ sí cache line mìíràn.

Ní ti àpẹẹrẹ wa, ìbéèrè mi rọrùn. Gbogbo pákẹ́ẹ̀tì rere ló máa san owó àyẹ̀wò yìí. Mélòó ni pákẹ́ẹ̀tì tó wà lóde fèrèsé? Lórí ìsopọ̀ tó dá ṣáṣá, ó kéré gan-an. Láìsí èsì `perf` (irinṣẹ́ tó ń wọn iṣẹ́ CPU) ṣáájú àti lẹ́yìn, n kò ní gba ọ̀rọ̀ CPU gbọ́.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ gbé e sáré

Ẹ kọ́ kernel méjì. Ọ̀kan pẹ̀lú `CONFIG_KASAN`, `CONFIG_PROVE_LOCKING` àti `CONFIG_DEBUG_KMEMLEAK`, tí wọ́n ń wá àṣìṣe mẹ́mórì, ti àgádágodo, àti mẹ́mórì tí a kò dá padà. Èkejì pẹ̀lú `CONFIG_KCSAN`, tó ń wá ibi tí CPU méjì ti ń fọwọ́ kan ohun kan náà láìsí àgádágodo, torí òun àti KASAN kì í gbé inú kernel kan náà. KCSAN lè pariwo lórí kíkà `rcv_nxt` tiwa.

Lẹ́yìn náà, packetdrill. Ó ń jẹ́ kí ẹ kọ pákẹ́ẹ̀tì tó máa dé àti ìdáhùn tí ẹ ń retí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àkókò wọn. Fún àpẹẹrẹ wa, ìlà méjì péré ló máa tú àṣírí: fi pákẹ́ẹ̀tì tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ọ̀kan dín wọlé, kí ẹ retí ACK. Kò ní dé. Kò pọn dandan kí ẹ dúró fún wákàtí méjì fún keepalive. Ẹ fi `TCP_KEEPIDLE` sọ ọ́ di ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Fún ACK tó ń sọnù, ẹ fi netem (tó ń mọ̀ọ́mọ̀ dá pákẹ́ẹ̀tì dúró tàbí sọ ọ́ nù) sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń *gbà*, kó lè jẹ́ ìdáhùn ló máa sọnù:

```
tc qdisc add dev veth1 root netem delay 20ms loss 40%
```

Ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀, mo mọ̀. Ohun tí TLP ń bò mọ́lẹ̀ la fẹ́ tú síta. Ẹ máa fi `nstat` àti `ss -tin` wò ó bí ó ṣe ń lọ.

Kí ẹ sì dán ètò àtijọ́ wò pẹ̀lú. Àtúnṣe kan tó wáyé pẹ̀lú SACK Panic, tó fi ààlà sí mẹ́mórì nínú `tcp_fragment`, dí àwọn ètò tó ń lo `SO_SNDBUF` kékeré lọ́wọ́. Ó di dandan kí wọ́n tún àtúnṣe náà ṣe. Àwọn tó kọ ọ́ mọ TCP dunjú. Kò sí ẹni tí kò lè bọ́ sínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹ kọ èsì yín

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Bí àgádágodo bá ní àṣìṣe, ẹ má fi ọ̀rọ̀ àlàfo àti ìlà tó gùn jù ṣáájú, `checkpatch.pl` lè sọ ìyẹn fún un. Ẹ kọ èyí tó wúwo jù sókè, kí ẹ fi nọ́ńbà tó ń fi àṣìṣe hàn sí i, kí ẹni náà lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ láìjiyàn. Ẹ má sì fi `Reviewed-by` sí ohun tí ẹ kò kà tán. Ìlà yẹn ń sọ pé ẹ gbà pé àyípadà náà yẹ ní wíwọlé, àti pé ìṣòro tí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀ ti yanjú.

Èsì tí mo máa kọ sórí àpẹẹrẹ wa nìyí:

"Ẹ ṣeun fún iṣẹ́ yìí. Mo rí ìdí tí ẹ fi fẹ́ dín títi sọ́kẹ́ẹ̀tì kù, ṣùgbọ́n n kò lè fọwọ́ sí i báyìí. Dídanù láìdáhùn ta ko RFC 9293, ó sì máa pa keepalive: ìwé packetdrill tó fi í hàn wà nísàlẹ̀. `discard_it` ń fi sọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ láìṣe `sock_put`. Ìfiwéra `<` àti `>` ń kùnà bí nọ́ńbà bá yí po. Ẹ wo 4,294,967,000 pẹ̀lú fèrèsé 65,535. Kíkà `rcv_nxt` àti `rcv_wnd` láìsí àgádágodo lè da pákẹ́ẹ̀tì rere nù, `READ_ONCE` kò sì lè wò ó sàn. Tí a bá tún gbogbo èyí ṣe, a ti padà sí ohun tí `tcp_validate_incoming` ń ṣe. Ṣé ẹ ní èsì `perf` láti orí ẹ̀rọ tí ẹ ti rí ìṣòro yìí? Bó bá jẹ́ pé pákẹ́ẹ̀tì òde fèrèsé pọ̀ níbẹ̀ lóòótọ́, ó wù mí ká mọ ẹni tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ ná."